Ta Ni Yóò Bá Salome Wo Àtẹ́lẹsẹ̀ Rẹ̀?

Ẹsẹ̀ òsì ni Salome fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láràárọ̀. Á jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, á fi ọwọ́ yí kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹsẹ̀ òsì á tẹ irin pẹlẹbẹ tó wà nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún á gbà á lẹ́nu rẹ̀, ni ẹ̀rọ á bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tirẹ̀: kẹ̀tẹ̀-kẹ̀tẹ̀-kẹ̀tẹ̀. Ẹ wo bí ó ti dára tó! Bí télọ̀ bá ń ránṣọ, ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo ayé ń wò, ọwọ́ náà ni wọ́n ń yìn. Ta ló ń wo ẹsẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ ló ń ṣe wàhálà. Bí ẹsẹ̀ bá yára, abẹ́rẹ́ á sáré. Bí ẹsẹ̀ bá rọra, abẹ́rẹ́ á rìn jẹ́jẹ́. Láti ìgbà tí Salome ti kọ́ṣẹ́ lọ́mọge, kò wọ bàtà jókòó sídìí ẹ̀rọ rí. Ó ní bàtà kì í jẹ́ kí òun gbọ́ ohun tí irin ń wí.

Ilé rẹ̀ wà ní Èrúwà, lójú ọ̀nà tó lọ sí Láńlátẹ̀. Yàrá mẹ́rin ni. Akínladé ọkọ rẹ̀, tó ṣe tíṣà títí ó fi kú, ló kọ́ ọ, ó ní àwọn ọmọ á kún inú rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún wọn, Láńrewájú, ó sì wà ní Kàdúná, ní ilé-iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n ti ń hun aṣọ. Ọdún mìíràn á wálé Kérésì. Ọdún mìíràn, iṣẹ́ ò ní gbà á láyè. Yàrá kan ni Salome ń sùn sí, ó fi pálọ̀ ṣe ìsọ̀. Ìyókù wà ní títì.

Sùtánà ló ń rán jù, aṣọ funfun gígùn tí àwọn ará ìjọ aláṣọ funfun ń wọ̀. Òun náà wà nínú ìjọ náà, tọkàntara. Ẹni tó bá ti wọ sùtánà níbẹ̀, kò gbọdọ̀ wọ bàtà. Láti ilé dé ilé àdúrà, ẹsẹ̀ lásán ni. Bí ẹ bá rí Salome lọ́jọ́ Ìsinmi, tó ń fi ẹsẹ̀ lásán tẹ erùpẹ̀ pupa Èrúwà, tí aṣọ rẹ̀ funfun báláú, ẹ ó mọ̀ pé inú rẹ̀ dùn. Ọjọ́ kan ṣoṣo nìyẹn láàárín ọ̀sẹ̀ tí àwọn èèyàn ń kí i ní orúkọ, tí wọ́n ń bi í bó ṣe sùn.

Lọ́dún 1986, òùngbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ ẹ́ tí omi ò lè pa. Ó rí i pé èèrà ń tò lọ síbi tóun bá tọ̀ sí lẹ́yìnkùlé. Ó lọ sí ọsibítù, wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà ni. Nọ́ọ̀sì tó gbà á tọ́jú ń jẹ́ Ọmọ́ṣọlá, obìnrin gìrìwò kan tí ohùn rẹ̀ ń gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó fún un ní oògùn oníhóró, ó sọ ohun tó lè jẹ àti èyí tí kò gbọdọ̀ jẹ fún un, ó wá ní kó bọ́ bàtà. Ó já òwú díẹ̀, ó lọ́ ọ ní ṣóńṣó.

"Màmá, ẹ dijú. Bí mo bá ti fi òwú yìí kan àtẹ́lẹsẹ̀ yín, ẹ sọ fún mi."

Salome dijú. Ó dúró, ó dúró, ó tún dúró.

"Ṣé ẹ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni?" ló bi í.

"Mo ti ṣe é tán, Màmá."

Salome lajú. Nọ́ọ̀sì ti ju òwú nù, ó ń fọwọ́. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń ṣe é bíi pé ó wọ ìbọ̀sẹ̀ nígbà tí kò wọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó rò pé àgbà ló ń dé ni.

"Ẹsẹ̀ yín ti ń sùn," ni Nọ́ọ̀sì Ọmọ́ṣọlá wí. "Ṣúgà yìí ló ń ṣe é. Ẹ̀gún lè gún un, iná lè jó o, ẹ ò ní mọ̀, egbò tó bá sì débẹ̀ kì í tètè jinná. Ẹ má rìn lẹ́sẹ̀ lásán mọ́, ì báà ṣe nínú ilé. Lẹ́yìn náà, láràárọ̀, kẹ́nìkan bá yín gbé ẹsẹ̀ yẹn sókè, kó wo abẹ́ rẹ̀, kó wo àárín ọmọ ìka. Ẹ̀yin fúnra yín ò lè tẹ̀ débẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ń dùn yín yìí. Ta ló wà nílé tó máa bá yín wò ó?"

Lórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ìyá mìíràn jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ àti aya ọmọ tó sìn wọ́n wá. Wọ́n ń gbọ́.

"Àh! Wọ́n wà ńbẹ̀ o," ni Salome dáhùn kíá. "Ilé kún."

Ó délé, ó ṣílẹ̀kùn, ó jókòó. Ilé kún lóòótọ́. Ó kún fún àjákù aṣọ, fún àga tí Akínladé kàn, fún bàtà kánfáàsì Akínladé tí kò lè kó dà nù, fún dígí gígùn tí àwọn oníbàárà fi ń wo ara wọn. Ẹnìkan ò sí ńbẹ̀ tó lójú.

Ẹnìkan wà lódìkejì ọ̀nà o. Hàlímọ̀ ni, opó bíi tirẹ̀, ìyá Mùnírátù. Ojúde rẹ̀ ló máa ń jókòó sí tí yóò máa pa ẹ̀gúsí láti àárọ̀ dalẹ́. Wọ́n ti ṣọ̀rẹ́ rí, ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́: ẹran iléyá a gba ibí wá, ìrẹsì Kérésì a gba ibẹ̀ lọ. Ewúrẹ́ ló dà á rú. Lọ́dún 1984, nígbà tí ìkórè ìjọ ku ọ̀tunla, Salome jáde lọ ra òwú, ewúrẹ́ Hàlímọ̀ tó ń jẹ́ Dúdú wọlé, ó sì jẹ apá kan sùtánà Alàgbà ìjọ mọ́ apá kejì. Ìgbà tí Salome dé, ó ń jẹ ọrùn lọ. Inú bí i, ó fa ọ̀pá ìwọnṣọ yọ, ó là á mọ́ ewúrẹ́ lẹ́sẹ̀ iwájú. Ẹsẹ̀ ṣẹ́ kàtà.

Hàlímọ̀ ò sunkún, kò bú u. Ó gbé ewúrẹ́ rẹ̀ mọ́ra, ó fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì àti àkísà di ẹsẹ̀ rẹ̀, láràárọ̀ ló ń tú u wò, tó ń tún un dì, títí eegun fi so. Dúdú rìn, ṣùgbọ́n ó ń tiro. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Hàlímọ̀ sọ, àwọn aládùúgbò ló sì sọ ọ́ fún. Ó ní, "Nígbà tó jẹ́ pé ẹran tí kò lè sọ̀rọ̀ ló bá ṣe gbólóhùn asọ̀, èmi náà ò lọ́rọ̀ tí mo fẹ́ bá a sọ." Láti ọjọ́ náà, wọn kì í kí ara wọn. Gbogbo ìgbà tí Salome bá rí ewúrẹ́ yẹn tó ń tiro kọjá, á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ohun tí Salome wá ṣe nìyí, ẹ sì gbà pé ọgbọ́n wà nínú ẹ̀! Ó gbé dígí oníbàárà sílẹ̀, ó jókòó sórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ sókè dígí náà, ó sì wo àtẹ́lẹsẹ̀ ara rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Láràárọ̀ ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n dígí náà ti gbó. Omi ti wọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní àmì dúdú tóótòòtó káàkiri. Ojú Salome náà ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Àwọn oníbàárà ló ń bá a ki òwú bọ abẹ́rẹ́.

Bí ìkórè ọdún 1988 ṣe ń bọ̀, iṣẹ́ wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ẹ̀, abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ kán mọ́ ọn lọ́wọ́ níbi tí aṣọ ti nípọn. Apá òkè rẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀rọ. Ó gbá ilẹ̀, ó fọwọ́ pa á, kò rí ṣóńṣó. Ó ní bóyá ó ti bọ́ sínú pàǹtí. Ó ki abẹ́rẹ́ mìíràn bọ̀ ọ́, ó bọ́ bàtà, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Nọ́ọ̀sì ní kó má rìn lẹ́sẹ̀ lásán. Òun ò kúkú rìn, ó jókòó ni.

Ní àárọ̀ kejì, ó wo dígí, ó rí tóótó dúdú kan ní abẹ́ ọmọ ìka tó kéré jù. Ó fi aṣọ nu dígí. Tóótó náà ò lọ.

"Dígí yìí ti bàjẹ́ pátápátá," ló wí, ó sì gbé e fara ti ògiri.

Ọjọ́ ìkórè dé. Ẹ bá mi wo ilé àdúrà lọ́jọ́ náà, funfun lápá ọ̀tún, funfun lápá òsì, bí ẹ bá sì ka aṣọ mẹ́ta, ẹsẹ̀ Salome ló tẹ irin tó rán méjì nínú wọn! Wọ́n kọrin, wọ́n jó. Salome jó títí òógùn fi bò ó. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó, wọ́n ń fọwọ́ ra orúnkún, ẹsẹ̀ tirẹ̀ ò sọ pé ó rẹ òun. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ẹsẹ̀ tí kò dun èèyàn. Ó sì fi ẹsẹ̀ náà rìn délé.

Hàlímọ̀ ti gbá ojúde rẹ̀ fún ọjọ́ náà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àlùwàlá tán, kẹ́tù omi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ipa ìgbálẹ̀ hàn lórí iyanrìn bíi pé wọ́n fi ìyarun yà á. Ipa ẹsẹ̀ ẹnìkan gba orí rẹ̀ kọjá. Ti ọ̀tún mọ́. Ti òsì, ibi ọmọ ìka kékeré tutù, ó sì dúdú, ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà Salome. Hàlímọ̀ gbé kẹ́tù sílẹ̀. Ó tọ ipa ẹsẹ̀ náà lọ, Dúdú ń tiro tẹ̀lé e. Ó dúró lẹ́nu ìlẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀, ó sì kọjú sí ewúrẹ́.

"Dúdú! Ṣé o rí nǹkan? Ẹnìkan gba ojúde tí mo gbá kọjá, ó ń kán ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ bí àgbò iléyá. Bi í léèrè bóyá ó mọ̀."

Salome wà lórí àga, ó ń sinmi. Ó gbọ́. Òun náà kọjú sí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

"Ẹ̀rọ, sọ fún ẹni tó ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà pé ẹ̀jẹ̀ ò kán lára ẹnìkankan níbí. Kó yẹ ẹran rẹ̀ wò."

"Dúdú, sọ fún un pé pátákò ni ìwọ ní. Ìka ẹsẹ̀ èèyàn ni mo rí."

"Ẹ̀rọ, sọ fún un pé kó lọ pa ẹ̀gúsí rẹ̀."

"Dúdú, sọ fún olóríkunkun yìí kó wo etí aṣọ funfun rẹ̀!"

Salome wo ìsàlẹ̀. Etí sùtánà rẹ̀, tó ti fi búlúù ìfọṣọ fọ̀ tí ó sì lọ̀, ti gba àwọ̀ kan tí kì í ṣe ti erùpẹ̀. Ó fẹ́ gbé ẹsẹ̀ náà wò, ẹ̀yìn rẹ̀ ò jẹ́ kó tẹ̀. Kó tó mọ̀, Hàlímọ̀ ti wọlé, ó ti lóṣòó síwájú rẹ̀, ó ti gbé ẹsẹ̀ òsì náà lé itan ara rẹ̀ bí ẹni gbé ẹsẹ̀ ẹran tó ṣẹ́. Ó fa ọmọ ìka náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Òórùn rẹ̀ jáde.

"Subuánáláì," ni Hàlímọ̀ wí. Kò sọ ọ́ sí ewúrẹ́, kò sì sọ ọ́ sí Salome.

Ó fi àtàǹpàkò tẹ ibẹ̀, ọyún tú jáde. Salome ń wò ó. Ó ti pẹ́, ó ti pẹ́ gan-an, tí ọwọ́ ẹlòmíràn ti kan ara rẹ̀ gbẹ̀yìn. Òun ló máa ń fi téèpù wọn èjìká èèyàn, àyà èèyàn, ìbàdí èèyàn, kò sẹ́ni tó ń wọn òun. Ọwọ́ èèyàn rèé lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ báyìí, ó ń fi ojú rí i, kò sì gbọ́ nǹkan kan lára. Àfi bíi pé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni Hàlímọ̀ dì mú. Ìgbà tí Hàlímọ̀ wá fẹ́ gbé ẹsẹ̀ náà sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ gun òkè, ó di ọrùn ẹsẹ̀ mú. Ibẹ̀ ni Salome ti gbọ́ ọ. Ọwọ́ náà gbóná, omi àlùwàlá ò tíì gbẹ tán lára rẹ̀. Omijé bọ́ lójú Salome, Hàlímọ̀ sì rò pé ìrora ni.

"Dúdú," ló wí, ohùn rẹ̀ ti rọ̀, "sọ fún un kó má sunkún. Mò ń lọ pe ọlọ́kọ̀."

Ọsibítù ni wọ́n ti yọ ṣóńṣó abẹ́rẹ́ náà. Ó ti wọnú lọ, ó ti mú eegun bàjẹ́. Dókítà gé ọmọ ìka kékeré náà, ó ní bó bá ṣe pé ó tún pẹ́ sí i ni, gbogbo ẹsẹ̀ ni ì bá lọ. Nọ́ọ̀sì Ọmọ́ṣọlá wá dúró tì í níbi tó dùbúlẹ̀ sí, ó káwọ́ láyà.

"Màmá, ẹ sọ fún mi nígbà yẹn pé ilé kún. Àwọn tó kún inú rẹ̀ ńkọ́? Ṣé wọn ò ríran ni?"

Salome wo ògiri. Hàlímọ̀ ló dáhùn láti orí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi sọ fún obìnrin yìí pé láti ọjọ́ tó bá ti délé, èmi ni n ó máa wò ó."

"Màmá, ṣebí ẹ̀gbẹ́ yín ló wà. Ẹ sọ ọ́ fún un fúnra yín."

"Ẹ ṣáà bá mi sọ ọ́."

Láńrewájú wá láti Kàdúná, ó wo ibi tí ọmọ ìka wà tẹ́lẹ̀, ojú rẹ̀ kún fún omi. Ó ní kí ìyá òun bá òun lọ. Ṣùgbọ́n yàrá kan ló ń gbé pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ, Salome sì mọ̀. "Lọ síbi iṣẹ́ rẹ," ló sọ fún un. "Ẹsẹ̀ ti ń san."

Ìgbà tó lè rìn, ó wá bàtà. Gbogbo tirẹ̀ ló ń fún un lẹ́sẹ̀. Ó fa kánfáàsì Akínladé jáde lábẹ́ ibùsùn, ó gbọn eruku rẹ̀, ó wọ̀ ọ́ sẹ́sẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀. Ó fẹ̀, ó rọ̀, ó gbà á. Òun ló wọ̀ lọ bá Alàgbà Adéníran nílé àdúrà.

"Màmá Láńre, ẹ kú ewu," ni Alàgbà wí. Ojú ń tì í. "Ọ̀rọ̀ yìí le. Èmi kọ́ ni mo ṣòfin. Ẹni tó bá wọ sùtánà, kò gbọdọ̀ wọ bàtà wọlé."

"Mo mọ̀, Alàgbà. Wọ́n sì ní n ò gbọdọ̀ bọ́ bàtà mọ́ láé."

"Ẹ wọ aṣọ ilé wá, kò burú. Ẹ kàn ní láti jókòó lẹ́yìn, lọ́dọ̀ àwọn àlejò."

Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, Salome á wọ ìró àti bùbá àti bàtà ọkọ rẹ̀ tó ti kú, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn pátápátá. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan tó ń wá fún ìgbà àkọ́kọ́ bi í pé, "Màmá, ṣé ẹ̀yin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ níbí ni?" Salome wo ẹ̀yìn àwọn ará ìjọ tó kún iwájú, ó ń wo ojú-rírán èjìká wọn, ó mọ aṣọ kọ̀ọ̀kan bí ẹni mọ ọmọ.

"Ó ti pẹ́ díẹ̀," ló dáhùn.

Hàlímọ̀ ò yẹ àdéhùn. Bó bá ti kírun àsùbáà tán, tí ilẹ̀ sì ti mọ́ tó, á wọlé, Dúdú á tẹ̀lé e. Salome á ti gbé ẹsẹ̀ lé àpótí. Hàlímọ̀ á gbé ẹsẹ̀ òsì, á wò ó. Á la àárín ọmọ ìka, á wò ó. Á gbé ọ̀tún.

"Dúdú, sọ fún un pé gìgísẹ̀ rẹ̀ ti fẹ́ máa sán. Kó fi òrí pa á. Kó má fi sáàárín ìka o, ibẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ."

"Ẹ̀rọ, sọ fún un pé mo gbọ́. Sọ fún un pé ẹ̀kọ àti àkàrà wà lórí tábìlì."

Hàlímọ̀ á mú ẹ̀kọ àti àkàrà náà, á gbé e sọdá, á lọ jẹ ẹ́ lójúde tirẹ̀. Salome á jókòó síbí, á jẹ tirẹ̀. Wọ́n á máa rí ara wọn lókèèrè, ẹnu wọn á sì máa lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìgbà tí Dúdú kú, ọmọ rẹ̀ ló gba iṣẹ́ ìyá rẹ̀ ṣe. Èyí ò tiro. Láàárín gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu Salome tí ì bá ti sọ: ẹ má bínú, mo ṣẹ́ ẹsẹ̀ ẹran yín. Ṣùgbọ́n ta ni ì bá rán? Ẹ̀rọ ìránṣọ ò lè jẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún 1994, lójú ọ̀gbẹlẹ̀, Mùnírátù gbé ọkọ̀ wá láti Ìbàdàn. Orúnkún ìyá rẹ̀ ò jẹ́ kó lè lóṣòó dìde dáadáa mọ́, ó ní òun ò lè fi í sílẹ̀ lóun nìkan, òun fẹ́ mú un lọ. Àárọ̀ ọjọ́ náà, Hàlímọ̀ wá bó ṣe máa ń wá. Ó pẹ́ lórí ẹsẹ̀ náà. Ó wo òsì, ó wo ọ̀tún, ó tún padà sí òsì. Ó wá gbé e sílẹ̀, ó sì gbójú sókè.

"Ìyá Láńre," ló wí.

Salome wo ewúrẹ́. Ewúrẹ́ ń jẹ àjákù aṣọ lábẹ́ tábìlì.

"Ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ kan lọ láìjẹ́ pé ẹnìkan wo ẹsẹ̀ yín. Ẹ gbọ́?"

Salome la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà wà ńbẹ̀, ó ti tò ó láti ọjọ́ pípẹ́. Ó wo ẹ̀rọ, ó wo Hàlímọ̀, ẹnu rẹ̀ kò mọ ibi tí yóò kọjú sí. Hàlímọ̀ fọwọ́ ti orúnkún. Ó dìde, ó jáde. Ìgbà tí Salome fi máa wọ kánfáàsì rẹ̀ tó sì dé ojúde, eruku ọkọ̀ nìkan ló bá. Wọ́n ti so ewúrẹ́ sílẹ̀ fún un mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà rẹ̀, pẹ̀lú ewé, pẹ̀lú omi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé ẹsẹ̀ lé àpótí ní àkókò náà. Kò mọ ìdí. Ó jókòó bẹ́ẹ̀ títí oòrùn fi wọ pálọ̀. Ó gbé dígí sílẹ̀ ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ó rí tóótó dúdú níhìn-ín, tóótó dúdú lọ́hùn-ún. Èwo ni ti dígí? Èwo ni ti ẹsẹ̀? Ó fi ìka tẹ àwọn tó lè tẹ̀ dé. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ọ̀la rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀tunla bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù wá bẹ̀rẹ̀ sí í bà á lórí ẹ̀rọ, tó bá ti tẹ irin, á dúró, á máa wo ilẹ̀ bóyá nǹkan ń kán.

Lọ́jọ́ kan, ìgbà tí ìlẹ̀kùn dún, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ pólì kan ló wọlé, Àpèkẹ́, tó fẹ́ rán síkẹ́ẹ̀tì. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó sì dìde, ó na apá méjèèjì kí Salome wọn òun. Salome mú téèpù dání. Kò wọn ọ́n.

"Àpèkẹ́, jọ̀ọ́, mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ ní nǹkan kan kí n tó wọn ọ́. Bá mi wo abẹ́ ẹsẹ̀ mi. Kò sẹ́nìkankan nílé."

Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe jáde lẹ́nu ara rẹ̀, ó sì yà á lẹ́nu pé kò pa èèyàn.

"Ẹsẹ̀ kẹ̀, Màmá? Kí ni kí n máa wò?"

"Ohunkóhun tí kì í ṣe ẹsẹ̀."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó tún kúnlẹ̀. Ó bọ́ kánfáàsì, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ó rí ibi tí ọmọ ìka ò sí, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó wá fara balẹ̀.

"Ó mọ́, Màmá. Àfi ibì kan níbí, ó pọ́n díẹ̀. Ó jọ pé bàtà ló ń há a."

"Níbo?"

"Ibi tí ọwọ́ mi wà yìí."

Salome tẹ̀ síwájú, ó wo ọwọ́ ọmọ náà, ó fi ojú gba ibẹ̀ sọ́kàn. Lọ́la ni yóò gba ọsibítù lọ, kó tó di egbò. Bí wọ́n bá bi í pé ta ló wà nílé, yóò sọ òótọ́.

"Ó ṣeun, ọmọ mi. Gbé ọwọ́ rẹ sókè díẹ̀. Síbi ọrùn ẹsẹ̀."

"Ṣé ibẹ̀ ń dùn yín ni?"

"Rárá," ni Salome wí. "Fi síbẹ̀ ná."